Ojú Tí Wọ́n Fún Ànjọ̀nú

Ní ọdún tí àwọn ará Japan wá ya eré tẹlifíṣọ̀n wọn ní Staten Island, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni Àpèkẹ́ ìyàwó Olúsànmí, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní Park Hill tó lè sọ pé òun rí i kó ṣubú rí, àyàfi bó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ṣubú.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ó ń gbé wọn dìde lórí ibùsùn, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń ti kẹ̀kẹ́ wọn lọ gba afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, yóò wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Tompkinsville, sí gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Sri Lanka, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní júdò. Kì í ṣe Amẹ́ríkà ló ti kọ́ ọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, nílé ẹ̀kọ́ girama, ó sì ṣojú ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lẹ́ẹ̀mejì níbi ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà kó tó di pé ọkọ àti ọmọ dé. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń kọ́ ọmọ tuntun ni bí a ṣe ń ṣubú. Á ní, "Ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá yín. Ẹ kọ́kọ́ bá ilẹ̀ ṣọ̀rẹ́ ná."

Ibi gbọ̀ngàn yẹn ni àwọn ará Japan ti wá bá a.

Aotetsu ni wọ́n ń pe eré wọn, orúkọ akọni inú rẹ̀ náà sì nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, oníwà pẹ̀lẹ́, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe fún àwọn ará àdúgbò. Bí ewu bá dé, yóò gbá bẹ́líìtì ìdí rẹ̀, ìhámọ́ra búlúù yóò sì bò ó láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ànjọ̀nú tuntun ń yọjú sí ìlú. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Aotetsu ń fi ìpàá gbé e ṣubú, tí iná á bú gbàù, tí àwọn ọmọdé Japan á sì fò sókè níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀dọ́mọkùnrin arẹwà tí a ń rí ojú rẹ̀ kọ́ ló ń ja ìjà náà o. Bí ìhámọ́ra bá ti wọ̀ báyìí, ẹlòmíràn ló wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ànjọ̀nú: ènìyàn ẹlẹ́ran ara kan ló wà lábẹ́ rọ́bà yẹn, tó ń làágùn, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí.

Wọ́n fẹ́ ya ìpín mẹ́ta ní New York lọ́dún náà, ànjọ̀nú ibẹ̀ yóò sì jẹ́ èyí tó ń jẹ iná ìlú títí gbogbo rẹ̀ á fi ṣókùnkùn biribiri. Wọ́n ń wá ẹni gíga, alágbára, tó lè yí gbiiri lórí àtẹ̀gùn òkúta láìkán lọ́rùn. Wọ́n ti yẹ ọkùnrin mọ́kànlá wò.

Doyin ló bá wọn wá gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀. Ọmọ Springfield Gardens ni Doyin. Pápákọ̀ òfuurufú ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. New York ni wọ́n bí i sí, ó sì lọ kọ́ èdè Japan ní yunifásítì torí pé láti kékeré ló ti ń wo irú eré wọ̀nyí. Èdè Japan rẹ̀ dá ṣáká. Yorùbá rẹ̀ ló dà bí ìrẹsì tí kò jinná: ó ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n ó ń rún lẹ́nu.

"Àńtí, ẹ jọ̀ọ́ ma," ó ní, "ọ̀gá sọ pé ṣé ẹ lè ṣubú láti orí tábìlì yẹn?"

Àpèkẹ́ wo tábìlì. "Ẹ̀yìn ni, àbí ẹ̀gbẹ́?"

Ọ̀gbẹ́ni Kuroda, ọ̀gá tó ń darí eré náà, rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tó gbọ́. Ó ní ẹ̀yìn. Àpèkẹ́ gun tábìlì, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó sì fi ara sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbá ilẹ̀ pàà, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó sì ti dìde tó ń gbọn ṣòkòtò rẹ̀. Wọ́n ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Ọ̀gbẹ́ni Kuroda tẹrí ba fún un bí àwọn oníjúdò ti ń ṣe, iṣẹ́ sì bọ́ sí i lọ́wọ́.

Nígbà tó délé tó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, Olúsànmí gbé rìmóòtù sílẹ̀. Iṣẹ́ ọlọ́dẹ ló ń ṣe ní ilé ìfowópamọ́ kan ní Manhattan, kò sì fẹ́ràn ohun tó bá yani lẹ́nu.

"Ṣé eégún lo wá ń gbé ní Amẹ́ríkà báyìí?"

"Ànjọ̀nú ni, Bàbá Démi. Eégún kì í ṣubú."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Nǹkan kan wà tí àwọn ará Japan kò mọ̀ nípa Àpèkẹ́. Ilà gọ̀m̀bọ́ ló wà lójú rẹ̀, mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀bátí tí wọ́n sì tẹ̀ kọrọdọ sí ìhà ẹnu. Ìyá bàbá rẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ ọ́, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn ti ń gba ojú wọn là. Ní ọdún kejì tó dé Amẹ́ríkà, ìyá arúgbó kan pe iléeṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ pé wọ́n rán ẹni tí ológbò ya lójú wá sílé òun. Láti ọjọ́ náà ni Àpèkẹ́ ti ń fi páńkéèkì bò ó láràárọ̀, èyí tó nípọn bí ọ̀dà ara ògiri. Ó máa ń sọ pé kì í ṣe ojú ló ń ti òun. Ó kàn sú òun láti máa dáhùn ìbéèrè ni.

Ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n sì fi kọ́ ọ bí ànjọ̀nú ti ń rìn. Ẹ̀wù rẹ̀ wúwo bí àpò ìrẹsì, rọ́bà àti fóòmù ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó ṣe é wà pẹ̀lú wọn, Ọ̀gbẹ́ni Hirano, bàbá arúgbó kúkúrú kan tí ìka rẹ̀ kún fún àpá iná àti ti ọ̀bẹ. Ogójì ọdún ló ti ń fi ọwọ́ ṣe ànjọ̀nú. Bí Àpèkẹ́ bá ti gbé ẹsẹ̀, bàbá á ti rí ibi tó ń ha á. Á gé díẹ̀ kúrò, á lẹ díẹ̀ mọ́ ọn. Kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ṣinṣín tí Àpèkẹ́ ń dín wá fún un. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti ń na ọwọ́ kí obìnrin náà tó ṣí ike.

Orí ànjọ̀nú nìkan ni kò tíì dé. Àwọn aṣọ́bodè dá àpótí rẹ̀ dúró ní pápákọ̀ òfuurufú, àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya eré gan-an ló tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Àtẹ̀gùn òkúta kan ní Tompkinsville ni wọ́n yàn, èyí tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè sí ìhà omi. Kámẹ́rà ti wà ní ìdúró. Àpèkẹ́ ti wọ ẹ̀wù ànjọ̀nú dé ọrùn. Ọ̀gbẹ́ni Hirano gbé àpótí wá, ó ṣí i, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé orí náà jáde bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Orí náà tóbi, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ojú rẹ̀ pọ́n, eyín rẹ̀ yọ síta. Ìyẹn kò ba Àpèkẹ́ lẹ́rù; ànjọ̀nú ni, kí ni kó tún jọ? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló mú un dúró. Mẹ́fà ló wà lápá ọ̀tún. Ó ka apá òsì: mẹ́fà. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀bátí, wọ́n sì tẹ̀ kọrọdọ sí ìhà ẹnu, àlàfo àárín wọn kò sì fi ìbú irun yàtọ̀ sí èyí tó wà lójú òun.

Ó gba orí náà, ó gbé e sórí àtẹ̀gùn, ó dojú rẹ̀ kọ omi.

"Doyin, bi bàbá léèrè ibi tí wọ́n ti rí ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí."

Doyin béèrè. Inú bàbá dùn pé ẹnìkan béèrè. Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bó ti ń sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní inú ìwé ni. Orí alámọ̀ kan tó wà ní mùsíọ̀mù. Ọ̀gá fẹ́ ojú tó máa ba àwọn ọmọdé lẹ́rù, bàbá wá rántí ìwé yẹn."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé ojú ènìyàn ni wọ́n ń kọ ọ́ sí?"

Ọ̀rọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ bọ̀. "Wọ́n ní Áfíríkà ni, ma. Láyé àtijọ́."

"Àtijọ́," ni Àpèkẹ́ wí.

Ó tọrọ omi àti aṣọ inura. Níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, ó nu ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ó tún omi dà sí aṣọ, ó tún nù ún, títí aṣọ funfun náà fi di aláwọ̀ ilẹ̀. Ó wá gbé ojú sókè. Obìnrin kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó mú agboòrùn dání sọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Hirano ṣe bí ẹni fẹ́ sún mọ́ ọn, ó tún dá ẹsẹ̀ dúró. Doyin fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Àńtí, ṣé ilá ojú yín nìyẹn?"

"Ilá kọ́. Ilá ni wọ́n ń fi se ọbẹ̀. Ilà. Gbé e sílẹ̀ níparí: i-là."

"Ilà," ni Doyin wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Sọ fún ọ̀gá pé n kò ní wọ orí yẹn."

Ọ̀gbẹ́ni Kuroda ti dé ọ̀dọ̀ wọn, Jennifer náà sì dé, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó ń bá àwọn ará Japan ṣètò òṣìṣẹ́ àti ìwé àṣẹ. Ọ̀gá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó wo ojú Àpèkẹ́, ó wo ẹ̀yìn orí tó dojú kọ omi. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní kí ẹ má bínú," ni Doyin túmọ̀. "Wọ́n ní kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ojú yín ò ní hàn, inú lẹ máa wà."

"Ìyẹn gan-an ni mo ń wí. Ojú mi ló máa wà níta, èmi ló máa wà nínú."

Doyin bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀. Àpèkẹ́ tẹ́tí. Ó ti gbọ́ èdè Japan díẹ̀ rí láti inú júdò, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí ọmọ náà sọ lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí ló ń jẹ́ kizu?"

Doyin rẹ ojú sílẹ̀. "Ọgbẹ́, ma. Àpá ọgbẹ́. Wọn ò ní ọ̀rọ̀ míì fún un."

"Ta ló ṣe mí lọ́gbẹ́? Èmi kò jà. Ilà ni kí o pè é."

"Wọn ò ní gbọ́."

"Wọ́n á gbọ́ lónìí. Dúró kó o gbọ́ mi dáadáa, kó o sì sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, má fi ṣúgà sí i. Sọ fún wọn pé ìyá àgbà mi ló ní kí wọ́n kọ eléyìí fún mi, kí gbogbo ayé lè mọ ilé tí mo ti wá. Láyé ogun, ẹni tí wọ́n bá kó lẹ́rú, ojú rẹ̀ làwọn èèyàn rẹ̀ fi ń dá a mọ̀ ní ìlú onílùú. Ẹ̀yin wá gbé e fún ohun tí ẹ máa sọ iná sí, kí àwọn ọmọ yín lè pàtẹ́wọ́. Sọ ọ́."

Doyin kọ́kọ́ ń wí i jẹ́ẹ́, ohùn rẹ̀ wá le. Láàárín èdè Japan tó ń ṣàn bí omi yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti ń yọ, ilà, ilà, bí òkúta tó yọrí nínú odò. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láàárín ara wọn, "ira," wọ́n ń wo ojú obìnrin náà, wọ́n sì tún ń wo ilẹ̀.

Ọ̀gá ronú. Ó ní àwọn lè fi ọ̀dà dúdú pa á, kámẹ́rà kò sì ní sún mọ́ ọn. Ó ní ohun tó lágbára ni bàbá rí nínú ìwé yẹn, ohun tó lẹ́wà. Kò sí ẹni tó ní í lọ́kàn láti bú ẹnikẹ́ni.

"Bó bá lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀," ni Àpèkẹ́ wí, "ẹ fi sójú Aotetsu."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn nígbà tí Doyin túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó dáhùn pé ojú Aotetsu kì í ṣe tòun. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe bèbí rẹ̀ fún àwọn ọmọdé ló ni í, bí òun bá fi ìlà kan péré kún un, wọ́n á gbé òun lọ sílé ẹjọ́.

"Ojú Aotetsu ní ẹni tó ni í," ni Àpèkẹ́ wí. "Tèmi náà ní. A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè."

Doyin ṣẹ́jú. "Àńtí, èyí ò ṣeé túmọ̀."

"Nígbà náà, kí wọ́n máa wò mí."

Wọ́n sì wò ó fún ìgbà díẹ̀. Jennifer ló fọ̀ sí i lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní Àpèkẹ́ ti fọwọ́ síwèé. Ó ní aago méje àárọ̀ ọ̀la ni ìgbà tó gbẹ̀yìn: bí kò bá wọ orí náà, àwọn á fi ẹlòmíràn wọ̀ ọ́, wọn kò sì ní pè é mọ́.

Àpèkẹ́ ti ń tú ẹ̀wù ànjọ̀nú náà kúrò lára. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì Ògbómọ̀ṣọ́ rẹ̀ dá a lóhùn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò pariwo. Ó ní kí wọ́n fi ẹni tó bá wù wọ́n wọ̀ ọ́. Títì ìjọba ni àtẹ̀gùn yìí. Ojoojúmọ́ tí wọ́n bá gbé kámẹ́rà síbẹ̀, òun á dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ojú òun bó ṣe rí yìí. Bí wọ́n bá sì fẹ́ pe ọlọ́pàá, kí wọ́n pè wọ́n, òun á sọ fún ọlọ́pàá náà pé kó fi ojú méjèèjì wé ara wọn.

Ó fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé, kò wọ bọ́ọ̀sì. Kò bo ojú rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Olúsànmí gbọ́ gbogbo rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ó fọ ọwọ́, ó sì kọjú sí i.

"Àpèkẹ́, o ti fara da èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá tó ní ológbò ya ọ́ lójú, ìwọ náà lo padà wá ń wẹ̀ ẹ́ títí ó fi kú."

"Ìyẹn ń ṣàìsàn."

"Àwọn yìí ò mọ̀ ni."

"Wọ́n ti mọ̀ báyìí, Bàbá Démi. Láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni wọ́n ti mọ̀."

Ọkọ rẹ̀ mi orí. Ó ní ohun tó ń dun òun ni pé láti ọjọ́ tí iṣẹ́ yìí ti dé, inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wọn. Òun kò fẹ́ kí wọ́n gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ mú Àpèkẹ́ sunkún, torí òótọ́ ni. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún un pé ara rẹ̀ mọ nǹkan í ṣe. Ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó ń wo àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín àwọn ilé gogoro Park Hill, ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé bó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ sọ òun nù, kí wọ́n sọ òun nù pẹ̀lú ojú òun.

Aago méje ku ogún ìṣẹ́jú ló dé Tompkinsville lọ́jọ́ kejì, kò fi ohunkóhun sójú. Ó ti múra láti dúró níwájú kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n kò sí kámẹ́rà kankan ní ìdúró. Ọ̀gbẹ́ni Hirano nìkan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú Doyin, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, orí ànjọ̀nú wà lórí itan rẹ̀, ó fi aṣọ bò ó. Bó ti rí Àpèkẹ́, ó dìde, ó sì tẹrí ba títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ́ bẹẹrẹ.

"Àńtí, wọ́n ní àwọn ti ṣe ànjọ̀nú tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún," ni Doyin wí. "Inú ìwé ni wọ́n ti ń mú ojú wọn. Wọ́n ní wọn ò tíì pàdé ẹni tó ni ojú rí. Wọ́n ń tọrọ àyè, ṣé wọ́n lè wo ojú yín nínú ìmọ́lẹ̀?"

Àpèkẹ́ jókòó, ó yí ojú sí oòrùn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́, kò fọwọ́ kàn án. Ó béèrè ẹni tó kọ ọ́. Àpèkẹ́ ní olóólà ni, ọkùnrin kan tí kò ṣe iṣẹ́ míì ju ìyẹn lọ, bí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀. Ó béèrè bóyá ó dun ni. Àpèkẹ́ ní òun kò rántí. Ìyá òun ló sọ pé ọjọ́ méjì lòun fi ké, ìyá àgbà sì ń pọ̀n òun kiri àgbàlá.

Ọ̀gbẹ́ni Hirano sọ ohun kan jẹ́ẹ́.

"Wọ́n ní ọwọ́ ẹni yẹn ò gbọ̀n," ni Doyin wí. "Wọ́n ní ọwọ́ tàwọn gbọ̀n níbi ìkẹrin lápá òsì, àwọn sì ní àwòrán tí àwọn ń wò."

Bàbá ṣí orí náà. Ó tan iná kékeré kan, ó na ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ sí i títí ẹnu rẹ̀ fi gbóná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀rẹ̀kẹ́ ànjọ̀nú. Òórùn rọ́bà tó ń jóná gba gbogbo ibẹ̀.

Apá ọ̀tún ló ti bó tán nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Kuroda dé pẹ̀lú Jennifer àti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù. Ọ̀gá pariwo. Doyin ń túmọ̀ rẹ̀ sétí Àpèkẹ́ kíákíá bí ẹni tí wọ́n ń lé.

"Ọ̀gá ní ta ló fún wọn láṣẹ. Bàbá ní àwọn làwọn ṣe é, àṣìṣe àwọn ni, àwọn ló sì máa tún un ṣe. Ọ̀gá ní wọ́n ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ní Japan. Bàbá ní kí wọ́n ya fọ́tò míì. Ọ̀gá ní gbogbo àárọ̀ ló máa ṣòfò. Bàbá ò dáhùn mọ́."

Òótọ́ ni. Bàbá kò gbé orí sókè. Ọ̀bẹ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Àpèkẹ́ rìn lọ jókòó tì í, ó gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kó èérún rọ́bà tó ń jábọ́ sínú ike. Jennifer wá dúró tì wọ́n, ó ní òun á rí i dájú pé kò sí iléeṣẹ́ tíátà kankan ní New York tó máa pè é síṣẹ́ mọ́.

"Mo ní iṣẹ́," ni Àpèkẹ́ dáhùn. "Arúgbó mẹ́rin ló ń retí mi ní ọjọ́ Ajé."

Ọ̀gá lè lé Àpèkẹ́. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ni wọ́n gé ẹ̀wù náà mọ́, ìwé àṣẹ àtẹ̀gùn náà yóò sì parí nírọ̀lẹ́. Ó lọ dá dúró létí omi, ó fa sìgá méjì. Nígbà tó padà dé, ó ní kí wọ́n gbé kámẹ́rà sí ìdúró.

Aago kan ọ̀sán kọjá kí orí náà tó gbẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti di jákujàku bí èèpo igi, kò jọ ojú ẹnikẹ́ni láyé. Ọ̀gbẹ́ni Hirano gbé e wọ Àpèkẹ́ fúnra rẹ̀. Inú rẹ̀ gbóná, ó ṣókùnkùn. Ihò tóóró kan lábẹ́ eyín lobìnrin náà fi ń wo ayé. Ó gbọ́ èémí ara rẹ̀. Ó gbọ́ tí ọ̀gá kígbe. Aotetsu fò wá pẹ̀lú ìhámọ́ra búlúù rẹ̀, ó ta á nípàá láyà, Àpèkẹ́ sì fi ara fún òkúta. Èjìká, ẹ̀yìn, ìbàdí, èjìká. Àtẹ̀gùn méjìlélógún. Ó gbá ilẹ̀ ìsàlẹ̀ pàà.

Wọ́n ní kó tún un ṣe, torí ọkọ̀ ojú omi kan kọjá lẹ́yìn. Ó tún un ṣe. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, nígbà tí wọ́n bọ́ orí náà kúrò, tí òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ bí ẹni ti odò bọ̀, gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Kuroda tẹrí ba fún un. Kò jìn tó ti bàbá, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́ ba. Àpèkẹ́ náà tẹ tirẹ̀ ba, torí bẹ́ẹ̀ ni júdò kọ́ ọ. Kì í ṣe pé ó ti gbàgbé.

Kò fi páńkéèkì bo ojú lọ síṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ Ajé náà. Ọkùnrin arúgbó tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ béèrè ohun tó ṣe é lójú. Ó ní, "Àdírẹ́sì ilé wa ni," ó sì ń wọ̀ ọ́ ní ìbọ̀sẹ̀ lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wọn, Bàbá Oyèníyì, olórí ẹgbẹ́ àwọn àgbà, pè é lẹ́yìn ìsìn láti sọ fún un pé kò yẹ kí onígbàgbọ́ máa bá oníṣòwò jà nítorí ilà, ohun ayé tó ti kọjá lọ.

"Àbàjà tiyín ńkọ́, sà?" ni Àpèkẹ́ bi í.

Bàbá Oyèníyì fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀. Kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Nígbà òtútù ni eré náà jáde ní Japan. Doyin gbé kọ̀ǹpútà wá sí Park Hill kí àwọn tọkọtaya náà lè wò ó. Olúsànmí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ànjọ̀nú náà yí gbiiri lórí àtẹ̀gùn, ó di tábìlì mú. Orúkọ Àpèkẹ́ wà níparí, ní lẹ́tà Japan. Doyin fi ìka tọ́ ọ, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà fi àwòrán kan hàn wọ́n. Bèbí ànjọ̀nú náà ni, èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọdé. Wọ́n ti ṣe ohun tí wọ́n ń da rọ́bà sí láti fi mọ ọ́ kí Ọ̀gbẹ́ni Hirano tó fa ọ̀bẹ yọ. Ilà mẹ́fà wà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì, gbogbo rẹ̀ kò gùn ju àtàǹpàkò lọ.

Àpèkẹ́ wò ó pẹ́. Ó ní kí Doyin gbé bírò.

Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sí iléeṣẹ́ bèbí náà kò ní èsì. Èkejì ní: Ọ̀gbẹ́ni Hirano ti fọwọ́ sí i pẹ̀lú wọn láti Japan, iléeṣẹ́ náà sì dáhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ gbọọrọ pé àwọn kẹ́dùn púpọ̀, pé èyí tí àwọn máa ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní ní ilà, ṣùgbọ́n èyí tó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù ti kúrò lọ́wọ́ àwọn.

Doyin ka èsì náà tán, ó ká a. Ọjọ́ Sátidé ni, inú gbọ̀ngàn júdò ni wọ́n wà, àwọn ọmọdé ti ń tú bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí la máa kọ, Àńtí?"

"Kọ ọ́ pé kí wọ́n kó wọn padà."

"Gbogbo ẹ̀? Wọn ò ní gbà láéláé."

"Mo mọ̀," ni Àpèkẹ́ wí, ó ń so bẹ́líìtì rẹ̀. "Kọ ọ́."